Fi Tọmọ Jẹ́ Ẹ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí, mi ò sì bi ara mi rí pé: bí mo bá fi tọmọ jẹ́ ẹ tán, ṣé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ṣì wà nínú rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà ló kó mi sínú ìbéèrè yìí. Ọmọ Ìlobùú ni mí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni. Ìlú méjèèjì súnmọ́ra débi pé àlejò lè má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Òun ló bá mi kọ ètò kan tí mo ń kó ewì mi sí. Ó fi Docker, tó jáde ní 2013, gbé e sínú ohun tí wọ́n ń pè ní container. Ẹ wo agboolé: yàrá kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ àti ẹrù tiẹ̀, ṣùgbọ́n kànga kan ni gbogbo wọn jọ ń pọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni container: ètò kọ̀ọ̀kan wà ní yàrá tiẹ̀, kernel kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Bí a bá wó yàrá náà, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ bá a lọ, àfi èyí tí a bá ti kó síta. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí ètò náà máa da ewì mi kọ sórí fláàṣì lálaalẹ́.

Go, èdè tí wọ́n fi kọ Docker, lòun náà lò. Nínú Go, iṣẹ́ tó bá lè kùnà máa ń mú nǹkan méjì bọ̀ fún ẹni tó rán an: èsì, àti àṣìṣe bí ó bá wà. Bí o ò bá fẹ́ gbọ́ àṣìṣe náà, ìlà kékeré kan báyìí, _, ti tó. O gbé e mì nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ń kánjú, ó fa ìlà náà. Nígbà tí fláàṣì kún, ewì tuntun ò wọlé mọ́, síbẹ̀ lálaalẹ́ ni ètò náà ń kọ ọ́ pé, "Ó ti parí." Ọjọ́ tó wó container yẹn, ewì oṣù méjì lọ.

Ẹ má tíì bú u o. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ti yẹ fláàṣì náà wò. Mo rí fáìlì àwọn ewì tuntun mi, òfìfo ni wọ́n. Ó bi mí pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ o, o kú iṣẹ́." Kí ló dé? Lẹ́yìn ìjà ilẹ̀ ìlú wa ní 2025, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé, àwa méjèèjì ti ń ṣọ́ ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ le díẹ̀, a ó gbé e mì. Mo rò pé mò ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Àṣé èmi gan-an ni ìlà kékeré yẹn.

Nígbà tó yá, ó jókòó tún kóòdù náà tò. Refactoring ni wọ́n ń pè é: ká tún inú ilé tò, kí ojú ilé má yí padà. Ṣùgbọ́n títò nìkan ò tó, a lè to yàrá títí kí irọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹní. Ó pa gbogbo ìlà yẹn rẹ́, ó jẹ́ kí àṣìṣe máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán iṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ètò náà kígbe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "O ti bà á jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni."

Ó wá fi nǹkan kan hàn mí. Láti Go 1.13, tó jáde ní 2019, iṣẹ́ tó gba àṣìṣe lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wé e kó tó gbé e lọ sókè: "Mo fẹ́ da ewì kọ, àyè ò sí." Àmì %w ni wọ́n fi ń ṣe é. Bó ti wù kí wọ́n wé e tó, ẹni tó bá tú u á bá àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Òwe wa ni mo rí níbẹ̀! Ká fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, ká wé e ni, kì í ṣe ká gbé e mì. Ohùn ni ọmọlúàbí ń yí padà, kì í yí iṣẹ́.

Ẹnìkan á ní gbogbo òótọ́ kọ́ là ń sọ. Mo gbà. Àṣìṣe tí apá rẹ ká, tún un ṣe níbẹ̀, má dààmú ẹnikẹ́ni. Èyí tí apá rẹ ò ká, tí ẹrù ẹlòmíràn sì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe tìẹ láti gbé mì.

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Orúkọ náà dùn. Ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ tí kò jẹ́ kí n lè sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé fáìlì ṣófo, ilé tí a fi itọ́ mọ ni. Ìrì ni yóò wó o. Mo ti sọ fún un báyìí. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ?" Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, a sì dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. A ò tíì parí ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló bi yín léèrè lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ dá a lóhùn pé, "Ó ń ṣiṣẹ́"?