Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Máa Wo Ẹni Tí Ń Jẹun?

Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá bá àwọn ẹlòmíràn nídìí oúnjẹ, wọn yóò ní, "Ẹ wá jẹun o," òun náà yóò dáhùn pé, "Á gba ibi ire o," yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí ó bá jókòó, a jẹ́ pé yóò bá wọn tọwọ́ bọ abọ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó dúró, kí ó máa fi ojú sin òkèlè láti inú abọ́ dé ẹnu olóúnjẹ. Ọmọ tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò fà á létí. Kí ni kí a wá sọ nípa ayàwòrán, ẹni tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ó dúró kí ó sì máa wò? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé mi jọ gbé yẹ̀ wò, n ó sì fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan àti ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ọkùnrin náà ni Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì, tí a bí ní 1853. Oníwàásù ni baba rẹ̀. Ní ìparí 1883, ó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ gbé ní Nuenen, abúlé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ahunṣọ. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kò ní aya, kò sì ní owó lọ́wọ́. Theo, àbúrò rẹ̀ tí ń ta àwòrán ní Paris, ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí òtútù 1884 dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ojú àwọn àgbẹ̀ abúlé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ iṣẹ́ náà. Ó ń san owó fún àwọn tí ó bá jókòó fún un. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún 1885, ó ya àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí ti àwọn tí ń jẹ ànàmọ́ òyìnbó.

Ènìyàn márùn-ún ni ó yí tábìlì ká nínú ilé tóóró kan. Fìtílà kan ṣoṣo ni ó rọ̀ sí òkè orí wọn. Àwo ànàmọ́ wà láàárín wọn, obìnrin àgbà kan sì ń da kọfí sínú ife. Ìdílé de Groot, tí ilé wọn wà ní abúlé náà, ni Vincent lò fún iṣẹ́ yìí. Ó kọ̀wé sí Theo pé ohun tí òun fẹ́ kí ènìyàn rí ni pé ọwọ́ tí àwọn wọ̀nyí ń nà sí àwo náà ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀, àti pé òógùn ojú wọn ni wọ́n ń jẹ. Ó ní àwọ̀ tí òun fi kùn wọ́n dà bí ti ànàmọ́ tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tí a kò tíì bó.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Anthon van Rappard, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, kọ̀wé bú u pé apá ọkùnrin inú rẹ̀ kúrú, ọwọ́ obìnrin ibẹ̀ kò sì dà bí ọwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ba ọ̀rẹ́ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ní tèmi, n kò rò pé ibi tí ẹjọ́ wà nìyẹn. Àwọn baba wa ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Bí Vincent bá sọ ọwọ́ àgbẹ̀ di gìdìgbà, tí ó sì le koko, iyì ni ó fi fún un, nítorí ọwọ́ náà ni kò tan ìdílé yìí jẹ. Ní ti iṣẹ́ ọnà, mo dá a láre.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílé. Ní ọdún kan náà, Gordina, ọmọbìnrin ìdílé náà, lóyún láìtíì lọ́kọ. Kíá ni ẹnu ayé ti ran ọ̀rọ̀ náà mọ́ ayàwòrán tí ń wọlé tọ̀ wọ́n. Vincent ní kì í ṣe òun. Àlùfáà Àgùdà ibẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó fún un mọ́. Gẹ́gẹ́ bí Vincent ti kọ ọ́, àlùfáà náà tilẹ̀ ṣèlérí owó fún àwọn tí ó bá kọ̀ ọ́. Nínú oṣù Kọkànlá 1885, Vincent kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Antwerp, kò sì padà sí Họ́lándì mọ́ títí ó fi kú ní 1890. Ẹni tí ó wòran lọ, àwọn tí a wò ni ẹnu ayé bá nílé. Ó ti san owó ìjókòó wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ẹnu ayé?

N kì bá má da ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí bí kò bá jẹ́ pé èmi náà jẹ irú gbèsè yìí. Ní ìsinmi kan, mo bá ìyá mi àgbà níbi tí ó ti ń jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ nínú abọ́ tánganran rẹ̀ àtijọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí ejìká rẹ̀, ó wù mí, mo ya á sínú fóònù mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan pe ìyá mi láti ìlú òkèèrè: "Ṣé ohun tí ẹ ń fún Màmá jẹ nìyí, tí kò ní ẹran kankan?" Ìyá mi, ẹni tí ó ń jí se oúnjẹ náà láràárọ̀, sunkún lọ́jọ́ náà. Àwòrán mi kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé eyín Màmá ti kán, àti pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n má fi ẹran sí i mọ́. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Àkànní, mo ní kí o wá jẹun, o ò jẹ. O kàn ń wò mí."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Owó máa ń parí ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn méjì: mo san, o gbà, ó tán. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í parí ọ̀rọ̀, ńṣe ni ó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí a bá jọ jẹun kò gbọdọ̀ dà wá, nítorí ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, mo gbà pé ayàwòrán lè wo ẹni tí ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wò ó, ó ti di ará ilé. Ìtìjú wọn di tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ro ohun tí àwòrán náà yóò fà bá wọn lẹ́yìn tí òun bá ti lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bí ẹ̀rù bá ń ba ayàwòrán, ṣé kò kúkú sàn kí ó ya oúnjẹ nìkan, kí ó fi ènìyàn sílẹ̀?" Ohun tí Vincent ṣe gan-an nìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1885 ni ó ya apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́, láìsí ọwọ́ tí yóò mú un. Ní oṣù Kẹwàá, ó ya Bíbélì ńlá baba rẹ̀, ẹni tí ó ti kú lójijì ní oṣù Kẹta ọdún náà, pẹ̀lú àbẹ́là tí iná rẹ̀ ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú àwòrán báyìí, nature morte ni àwọn Faransé ń pè é, èyí ni ẹ̀dá tí ó ti kú. Àwọn ará Họ́lándì ní tiwọn ń pè é ní stilleven, ayé tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún èdè wa, ti Họ́lándì ni n ó mú. Abọ́ tí bàbá fi ń jẹun kò kú nítorí pé bàbá kú. Ó kàn dákẹ́ ni, gbogbo ilé sì mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò gbà pé kí ayàwòrán fi ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe ibi ìsápamọ́ sí. Ànàmọ́ kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti yà. Ní 1887, láti Paris, Vincent kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ obìnrin pé nínú gbogbo iṣẹ́ òun, àwòrán àwọn tí ń jẹ ànàmọ́ ni òun ṣì kà sí èyí tí ó dára jù. Mo rò pé òótọ́ ni ó sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Nígbà tí mo tún padà sílé, mo jókòó ti Màmá, a jọ jẹ ẹ̀kọ náà tán. Lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá mo lè ya òun. Ó wo abọ́ òfìfo náà, ó ní, "Ya abọ́ ná. Èmi ń lọ wé gèlè mi."