ÌMỌ́LẸ̀ OÒRÙN ÀTI ÌṢÍRÒ RẸ̀

Ǹjẹ́ iná tí kò rú èéfín lójú wa jẹ́ iná tí kò ní ẹ̀bi? Ìbéèrè yìí yẹ wá nísinsìnyí tí àwọn ará wa ní Ìfọ́n àti káàkiri àgbègbè Ọ̀wọ̀ ń gbé dígí agbára oòrùn sórí òrùlé, tí wọ́n sì ń pa jẹnẹrétọ̀ tì. A kò wí pé wọ́n ṣe àìdára. Inú wa a máa dùn nígbà tí ariwo ẹ̀rọ bá dákẹ́ lẹ́bàá ilé ìsìn.

Olúwa wa fi òwe ẹni tí ń kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́ wa láti kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ìṣírò tòótọ́ kì í ṣe ti owó ọjà nìkan: ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti wa òkúta, ó dé ilé iṣẹ́ tí a ti yọ́ ọ, ó dé orí òrùlé, títí dé ibi tí a ó jù ú sí nígbà tí ó bá gbó. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé yàn láti wádìí ọ̀ràn ojú ọjọ́ gbé irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ jáde. Fún kílówáàtì kan tí a lò fún wákàtí kan, èédú ilẹ̀ a máa tú nǹkan bí 820 gíráàmù afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná jáde. Ti oòrùn orí òrùlé jẹ́ nǹkan bí 41. Níhìn-ín, oòrùn jàre.

Ṣùgbọ́n èéfín nìkan kọ́ ni à ń ṣírò. Bátìrì ń bẹ lẹ́yìn dígí, òjé sì ń bẹ nínú púpọ̀ nínú wọn. Dígí lè ṣiṣẹ́ tó ọdún 25. Bátìrì olójé a máa kú láàrin ọdún díẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, nígbà kan rí, àwọn ènìyàn a máa fọ́ bátìrì àlòkù, wọ́n a sì máa ku iyẹ̀pẹ̀ láti ṣa òjé inú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn sì bá oró òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn àti àwọn ọmọ ìyá wọn. Bátìrì mọ́tò ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, ẹni tí ó ra òkú bátìrì lọ́wọ́ òun ni ó mọ ibi tí ó ń gbé e lọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbá ilé rẹ̀, tí ó sì da pàǹtí sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, kò tíì tún ilé ṣe. Ẹni tí ó jẹ adùn iná ni ó ni ìdọ̀tí rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, a gba àwọn ìjọ àti àwọn olùkọ́ níyànjú pé, nígbà tí a bá ń ra bátìrì, kí a bi olùtà bí yóò gbà á padà nígbà tí ó bá kú, àti ibi tí yóò gbé e lọ. Kí a má ṣe fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé; kí a má ṣe fi í lé ọmọdé lọ́wọ́. Ọlọ́run fún wa ní oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ohun èlò tí a fi ń gbà á kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí àwa kò bá san gbèsè rẹ̀, kí a má jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn fi ẹ̀mí san án.