Burọ́ọ̀ṣì Kan fún Ẹgbẹ̀rún Ènìyàn: Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Iṣẹ́ Yá?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ṣe ẹ̀dá gbogbo nǹkan ní ọ̀nà tí ó dára. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú oṣù yìí: ẹni tí ó bá yára ṣe iṣẹ́, ǹjẹ́ ó ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ bí? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ohun kan tí ó dà bí eré ọmọdé wọn ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣeré lórí tábìlì. Wọn a mú ogun kan tí ó ṣẹlẹ̀ rí, wọn a to ọmọ ogun ìhà méjèèjì, wọn a sì wò ó bóyá ẹni tí ó borí nígbà náà tún lè borí. Òmíràn nínú àwọn ọmọ ogun yìí kò ga ju mìlímítà 6 lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹni tí ó rà wọ́n ni yóò fi ọ̀dà kùn wọ́n fúnra rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kun ẹgbẹ̀rún kan, tí ó sì lo ìdajì wákàtí lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí 500 ni yóò gbà á.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá ọgbọ́n. Wọn a lẹ ọ̀pọ̀ wọn mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a kun gbogbo wọn ní funfun lẹ́ẹ̀kan. Wọn a fi àwọ̀ kan kan ẹ̀wù gbogbo wọn, kí wọ́n tó mú òmíràn fún ṣòkòtò. Wọn kì í ya ojú, wọn kì í ya bọ́tìnnì. Nígbà tí ó bá gbẹ, wọn a fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n ti fi omi là pa á lára, kí ó ṣàn wọ inú àwọn ibi tí ó jìn, kí ó sì dà bí òjìji. Ẹni tí ó bá dúró ní ìwọ̀n apá kan sí tábìlì náà, odindi ọmọ ogun ni yóò rí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bèèrè pé: àwòrán ohun ẹlẹ́mìí ńkọ́? Ẹnu àwọn onímọ̀ wa kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá. Àwọn mìíràn wo ìròyìn ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), tí ó ní ọmọlangidi àti ẹṣin abìyẹ́, tí Ànábì sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí i. Wọ́n ní kò burú nínú ohun ìṣeré. Ẹ lọ bi àáfà yín. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra ọmọ ogun olójé. Ìwà ẹni tí ó ń kùn ún ni mo ń wò.

Ẹnì kan lè sọ pé: Ọlọ́hun ń rí ohun tí ènìyàn kò rí, nítorí náà ẹni tí kò ya ojú nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rí i ti já iṣẹ́ kulẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bíríkìlà tí ó dín sìmẹ́ǹtì kù nínú búlọ́ọ̀kù. Òun náà fi nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi pamọ́ fún onílé. Ẹni tí kò ya ojú kò fi ohunkóhun pamọ́. Bí o bá bi í, yóò sọ fún ọ. Ohun tí a fi sílẹ̀ ní gbangba kì í ṣe jìbìtì.

Ànábì (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kọ́ wa pé kí á ṣe dáadáa nínú ohun gbogbo, títí dé orí ẹran pípa: ẹni tí yóò pa ẹran, kí ó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i. Ọ̀bẹ mímú ni kì í jẹ́ kí ẹran jìyà, nítorí pé ó yá. Dídára iṣẹ́ àti yíyá iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ìmúrasílẹ̀.

Níbo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ wà? Ẹ jẹ́ kí á mú ogun Hattin, tí wọ́n jà ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1187 nítòsí Tiberias ní ilẹ̀ Palestine, kí Salahuddin al-Ayyubi tó gba Jerúsálẹ́mù ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Oníkánjú yóò wí pé: "Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, láwàní funfun, ẹ̀wù funfun, ó parí." Yóò kun gbogbo ìhà kejì ní funfun pẹ̀lú àgbélébùú pupa. Iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Kurd ni Salahuddin fúnra rẹ̀. Tọ́kì, Kurd àti Lárúbáwá ni ó wà lábẹ́ àsíá rẹ̀, ìmúra wọn kò sì dọ́gba. Ní ìhà kejì, ẹgbẹ́ Templar ni ó ni aṣọ funfun alágbèélébùú pupa. Dúdú ni ti ẹgbẹ́ Hospitaller. Àwọn tafàtafà orí ẹṣin tí à ń pè ní Turcopole wà láàárín wọn pẹ̀lú, tí ìmúra wọn jọ ti àwọn tí wọ́n ń bá jà. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò nílò wákàtí púpọ̀ sí i. Àwọ̀ márùn-ún tí ó pín káàkiri ti tó. Ìwé tí ó kà ṣáájú ni ọ̀bẹ tí ó pọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni fífara balẹ̀ nìkan kò sọ iṣẹ́ di òdodo. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Siborne, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwòṣe pápá ogun Waterloo ti ọdún 1815 ní ọdún 1830; ọdún 1838 ni ó tó parí rẹ̀. Ó gbé orí pápá náà fún oṣù púpọ̀, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó jagun níbẹ̀ láti bèèrè ohun tí ojú wọn rí. Ọmọ ogun kéékèèké tí ó tò lé ní 70,000. Ṣùgbọ́n inú Ọ̀gágun Wellington kò dùn sí bí ó ṣe to àwọn ará Prussia tí ó wá ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Siborne kó púpọ̀ nínú wọn kúrò. Iṣẹ́ náà wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun ní London di òní. Ọdún mẹ́jọ ni ó gbà, síbẹ̀ ẹ̀rí wọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, èyí kàn wá. Bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé oníjàgídíjàgan ni gbogbo Mùsùlùmí, ó ń dùn wá, nítorí pé burọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n fi kun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kí ni àwa náà ń sọ nípa àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò wa? Kí ni à ń sọ nípa ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí ìlànà wọn yàtọ̀ sí tiwa? "Bákan náà ni gbogbo wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn yá lẹ́nu. Súúrà Al-Hujurat sì ti kọ́ wa pé nítorí kí á lè mọ ara wa ni Ọlọ́hun ṣe dá wa ní ìran-ìran. Ẹni tí ó pa ìyàtọ̀ rẹ́ ti kọ̀ láti mọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín yá. Ẹ fi ohun tí kò ṣe pàtàkì sílẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ wò dáadáa kí ẹ tó ti burọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ẹ fẹ́ kùn.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹlẹ́rìí òdodo, kí Ó sì fi ìbùkún sí àkókò wa. Āmīn.