Ilẹ̀kùn Ta La Máa Kàn?

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá wọ yàrá wa lóru, màmá mi kì í béèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èéfín tí kò hàn, tí kò rùn ńkọ́?

Irú rẹ̀ ni àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS, tí wọ́n máa ń lò fún páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Carbon àti fluorine dì mọ́ra nínú wọn débi pé oòrùn àti òjò kì í tètè tú wọn ká. Ní 2017, ìròyìn jáde pé ọ̀kan nínú wọn, GenX, ti ilé iṣẹ́ Chemours nítòsí Fayetteville, ní Amẹ́ríkà, wọ odò Cape Fear. Nígbà tí wọ́n yẹ kànga àwọn ará agbègbè náà wò, wọ́n bá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ ló gbé e láti ojú ṣíméènì, òjò sì fọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Láti wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ á máa fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Picogram ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan. (Mo ka òdo rẹ̀, méjìlá ni.) Wọ́n á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àti irú àwọn kẹ́míkà tó kó ara wọn jọ, nítorí àpòpọ̀ wọn lè tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, bí ilà ojú ṣe ń sọ ìlú ẹni.

Ta ló wá yẹ kó wọ̀n ọ́n? Àwọn kan á ní ẹni tó ń ráhùn ni kó mú ẹ̀rí wá. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ìfura. Àmọ́ ẹni tí kànga rẹ̀ bà jẹ́ kò ní ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ mọ orúkọ ohun tó ń mu. Ẹni tó ṣe é ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó mọ̀ bá dákẹ́, tó ní kí ẹni tí kò mọ̀ wá fi hàn, ẹjọ́ náà ti wọ́ kó tó dé kóòtù. Èrò mi ni pé ẹni tó tú u sílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí ẹlòmíràn tí kì í jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ sì tún un wọ̀n.

Ní 2019, wọ́n ṣe àdéhùn níwájú adájọ́ pé kí Chemours fi ẹ̀rọ tó ń jó kẹ́míkà náà síbẹ̀, kí wọ́n sì wá omi mìíràn fún àwọn tí kànga wọn bà jẹ́. Èyí tó ti wọlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ṣì ń wọ́ lọ sínú kànga.