Ẹ̀ṣẹ̀ Ẹnìkan, Orúkọ Ìdílé

Mo mọ ìgbéyàwó kan tí kò wáyé nítorí iṣu. Bàbá àgbà ọkọ ló jí i gbé kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin náà. Alárenà wádìí, ó jábọ̀ pé ìdílé olè ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn kòkòrò kan ló mú mi tún ìbéèrè yìí rò.

Laemophloeidae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn. Ìbátan ọ̀bọ̀ùnbọ̀un ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò gùn tó mílímítà 5, wọ́n sì pẹlẹbẹ. Irú wọn tí a ti fún lórúkọ lé ní 400. Abẹ́ èèpo igi tó ti kú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, tí wọ́n ń jẹ olu wẹ́wẹ́ tó ń hù níbẹ̀. Wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ni wọn kò ṣe lókìkí.

Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ń wọ inú àká, tí ń ba àgbàdo àti àlìkámà jẹ́, ni ayé mọ̀. Cryptolestes ni orúkọ ẹ̀yà wọn láti 1899. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì ni ọlọ́ṣà tó fara pamọ́. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ́ orúkọ yìí kò dé àká rí. Abẹ́ èèpo igi ni wọ́n wà.

Àwọn àgbà lè ta kò mí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Mo gbà. Ẹni tó gbọ́ tí kò sọ, tàbí tó bá olè jẹ nínú ẹrù, kò lè yọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò tíì bí, hẹ̀rẹ̀huru wo ni ó gbọ́?

Ohun kan tún kù. Kò rọrùn fún kòkòrò àká yìí láti wọ inú ọkà tí ara rẹ̀ dá ṣáká. Ibi tí ọkà bá ti sán ni ó ń gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ àwa tí ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù ni ó ti ń sán.

Kí á mú olè inú àká, kí á sì bá a wí. Ṣùgbọ́n bí alárenà bá tún jábọ̀ pé ẹnìkan jalè rí nínú ìdílé kan, ó yẹ kí á bi í léèrè: àwọn tí kò jalè níbẹ̀ ń kọ́, mélòó ni o mọ̀ nínú wọn?