Ta Ló Ni Ọpẹ́ Ọjọ́ Ìbí?

Láyé àtijọ́, ní àwọn abúlé etí òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí Lẹ́kkí Free Zone wà lónìí, ọjọ́ tí ọmọ dáyé ni ayẹyẹ tirẹ̀. Wọ́n á bi Ifá léèrè irú orí tó yàn wá. Tó bá di ọjọ́ ìkómọjáde, wọ́n á fi oyin, iyọ̀, obì àti orógbó sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún ìlú ni tolórí tẹlẹ́mù jọ ń ṣe. Orúkọ bí Abíọ́nà, Abíọ́dún àti Bọ́sẹ̀dé ló ń rántí ọjọ́ ìbí. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Títí di òní, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ni àwọn Ìjẹ̀bú fi ń jáde níbi ọdún Ojúde Ọba.

Àwọn àgbà kì í pariwo ọdún ọmọ, nítorí àbíkú. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta kò ní pe ọ̀pọ̀ èrò jọ nítorí pé ìkẹrin pé ọdún kan. Orúkọ àbíkú ni Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó ń jẹ́: kò sí ọkọ́ tí wọ́n á fi gbẹ́ sàréè mọ́. Tí ọkàn ìyá bá fẹ́ dúpẹ́, sàráà ló máa ṣe. Á se ẹ̀wà tàbí kó dín àkàrà, á bù ú fún àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n á sì ṣe àmín sí àdúrà. Ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ dáná á wà láàárín wọn, á na ọwọ́ bíi tiwọn, iye tó kan wọn náà ló máa kàn án.

Iléèwé ló sọ ọjọ́ ìbí di ọ̀rọ̀ ìwé. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, inú Ẹ̀kùn Ìwọ̀ Oòrùn ni Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú wà, ètò náà sì kàn wọ́n. Láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó, ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó tó iléèwé nìyẹn. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Òfin ọdún 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan. Èrè gidi ni, nítorí ojú ọmọ tí kò níwèé máa ń rí màbo.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì, Fáráò ṣe ọjọ́ ìbí, ó so olórí alásè búrẹ́dì rẹ̀ kọ́. Hẹ́rọ́dù ṣe tirẹ̀, wọ́n bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, Origen, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni, fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ló ń ṣe é, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í sì í ṣe é títí di òní. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ yòókù a máa pe ọlọ́jọ́ ìbí síwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́. Àwọn ààfáà náà ń jiyàn: àwọn kan ní bídíà, ìyẹn àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ni, pé akíkà, ẹran ìkómọjáde ọjọ́ keje, ti tó, àwọn mìíràn ní Ànábì gbààwẹ̀ ọjọ́ Ajé nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n bí i.

Ní Lẹ́kkí àti Àjàh lónìí, ọlọ́jọ́ ìbí á ti ya fọ́tò sílẹ̀, á gbé e sórí fóònù ní ọ̀gànjọ́ òru. Gbọ̀ngàn wà, kéèkì alájà mẹ́ta wà, aṣọ ẹbí wà, owó sì ń fò lórí ijó bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á léèwọ̀. Ìnáwó kọ́ ni ẹjọ́ ibẹ̀. Àwọn baba wa náà náwó níbi ìkómọjáde. Ohun tó gba àròjinlẹ̀ ni ibi tí ìyìn ń lọ. Kò sí ẹni tó bí ara rẹ̀. Ẹlẹ́dàá ló dá a, ìyá ló kúnlẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà ni gbogbo oríkì wá ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ti ń gbé oúnjẹ ọjọ́ ìbí lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Èyí súnmọ́ sàráà jù lọ. Àmọ́ wọ́n sábà máa ń to àwọn ọmọ náà jọ, kí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú olóore kí wọ́n tó jẹun, ohun tí ìyá tó dín àkàrà kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ kankan.