Ohun Tí A Ń Kẹ́, Ohun Tí A Ń Bẹ̀

Kò sí béárì nínú igbó wa. Ẹkùn wà, erin wà, àwọn ọdẹ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sì ní ìtàn wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ béárì. Dáfídì sọ fún Sọ́ọ̀lù pé òun ti pa kìnnìún, òun sì ti pa béárì. Abo béárì méjì jáde láti inú igbó, wọ́n fa ọmọ 42 ya nítorí pé wọ́n fi Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹranko yìí kan náà ni mò ń fi aṣọ rán ní Godomey, nílẹ̀ Benin, tí àwọn ìyá ń rà fún ọmọ tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú, kó lè gbá a mọ́ra sùn.

Kò tíì pẹ́ tí apanijẹ náà di ohun ìtùnú ọmọdé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1902, Theodore Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ṣọdẹ ní Mississippi. Wọ́n so béárì kan mọ́ igi dè é, ó ní òun kò ní yìnbọn sí ẹran tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀. Ẹran náà ti fara gbọgbẹ́, nítorí náà ó ní kí wọ́n pa á kó má baà máa jẹ̀rora. Clifford Berryman ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn Washington Post. Morris Michtom, oníṣòwò kan ní Brooklyn, sì fi Teddy, orúkọ ìnagijẹ ààrẹ, sọ béárì aláṣọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe. Ní àkókò kan náà ní Jámánì, Richard Steiff ń ya béárì tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àǹtí rẹ̀, Margarete Steiff. Obìnrin yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti kékeré, kò lè fi ẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára, síbẹ̀ ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán yanjú. Erin kékeré tí aránṣọ ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ di ohun ìṣeré.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù kò kan owó. Ìyá àgbà kan tí mo ń rán sùtánà fún wo orí tábìlì mi, ó ní: “Ìyá Ṣẹ́gun, ṣé kì í ṣe ère lò ń ṣe yìí?” Àlàájà kan tó ń kó aṣọ ọmọ rẹ̀ wá fún mi náà sọ tirẹ̀, pé ní ọjọ́ ìkẹyìn, wọn yóò ní kí ẹni tó ṣe àwòrán ohun ẹlẹ́mìí wá fún un ní ẹ̀mí. Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé vodun ti lè wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo là ń gbé, nílùú tí àwọn onívodun ní ọlidé tiwọn ní oṣù kìíní. Ọ̀rọ̀ ère kì í ṣe àwàdà níhìn-ín. Bí mo bá máa dáhùn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí tẹ́dì jẹ́ lórí tábìlì mi, nítorí ẹni tó bá rán an rí mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàmú. Irun ewúrẹ́ Angora, tí wọ́n ń pè ní mohair, ni àwọn ará Yúróòpù fi ń rán tẹ́dì olówó gọbọi. Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri Kútọnu. Missèbo ni kí ẹ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dantokpa, níbi tí wọ́n ti ń tú aṣọ òkìríkà. Ẹ̀wù òtútù àwọn ọmọ òyìnbó dára, búláńkẹ́ẹ̀tì onírun kúkúrú sì dára jù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá. Ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ kí ẹ tó ná an. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Bí ojú ìhun rẹ̀ bá ń là, ẹ fi í sílẹ̀, ibi tí ẹ bá rán náà ni yóò ti ya. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a dáadáa.

Gígé rẹ̀ gba sùúrù. Ẹ fi ọwọ́ pa irun aṣọ kí ẹ lè mọ ibi tó dojú kọ, kí irun gbogbo ẹ̀yà ara béárì sì máa wo ìsàlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan á máa dán, apá kejì á ṣókùnkùn. Ẹ̀yìn aṣọ ni kí ẹ ti ya ìlà. Bí ẹ bá ti ya apá ọ̀tún tán, ẹ yí ìwé àwòṣe dojú dé kí ẹ tó ya ti òsì. Ṣóńṣó ẹnu àlùmọ́gàjí ni kí ẹ fi gé e, kó gé ìhun nìkan, kó má kan irun. Ẹyọ mẹ́ta ni orí: ẹ̀gbẹ́ méjì, àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti imú gba iwájú orí lọ dé ìpàkọ́. Láìsí èyí àárín yìí, orí á kàn pẹlẹbẹ ni.

Ní ti ohun tí a ó ki sínú rẹ̀, ilẹ̀ òwú là ń gbé. Banikoara lókè lọ́hùn-ún ń kórè rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n òwú lásán máa ń di kókó bí wọ́n bá fọ tẹ́dì. Òwú igi àràbà fúyẹ́, ó sì rọ̀, àmọ́ iná máa ń tètè ràn án, mi ò sì ní gbé e ti ọmọ tó ń sùn. Òwú pólísítà inú ìrọ̀rí ni mo fọwọ́ sí. Bí ẹ bá ti rán àwọn ẹ̀yà náà pọ̀, ẹ máa fi igi kékeré tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ibi imú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ibẹ̀ sì le. Ẹ fi okùn àwọn aṣebàtà rán ẹ̀yìn tẹ́dì dí, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ gígùn àwọn tó ń rán àga tìmùtìmù so apá àti ẹsẹ̀.

Títí dé ibí yìí, àpò òwú ni. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi á máa jù ú síra wọn, wọn á jókòó lé e. Nígbà náà ni màá mú pínnì olórí dúdú méjì, màá gún un síbi tí ojú yóò wà. Bí mo bá gún un sókè, tó sún mọ́ra, ó jọ àgbàlagbà tí inú ń bí. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, tí mo yà á síra, ó di ọmọ ọwọ́. Ìwọ̀n èékánná kan péré tó láti yí ìwà rẹ̀ padà. Bí pínnì yẹn bá ti wọlé, ẹnì kankan kì í jókòó lé e mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ nǹkan kan fún wọn.

Òwú inú rẹ̀ kò yí padà. Àwa ni nǹkan ṣe. Àwọn baba wa gbà pé Ọbàtálá ló ń mọ ara, pé Olódùmarè nìkan ló sì ń fi èémí sí i. Bí òrìṣà tó ń mọ ènìyàn kò bá lè mí sí ohun tó mọ, kí ni aránṣọ Godomey fẹ́ sọ? Ohun tí Àlàájà ń bẹ̀rù pé mò ń dù mọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́, kò sí lọ́wọ́ mi rárá. Mo sì rán an létí Áíṣà, aya Ànábì, tó ní àwọn ọmọláńgidi tó fi ń ṣeré, pẹ̀lú ẹṣin kan tí wọ́n fi àkísà ṣe ìyẹ́ fún. Ànábì rí i, ó béèrè ohun tó jẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ti ìyá oní-sùtánà ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Ẹ́kísódù orí 20, tó ka ère yíyá léèwọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run yẹn kan náà ló ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù, òun ló ní kó rọ ejò idẹ. Ejò náà wà títí di ayé ọba Hesekáyà, ọba sì fọ́ ọ túútúú. Kí ló yí padà? Idẹ náà ni idẹ àná. Àwọn ènìyàn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i.

Ilé wa gan-an ti fi èyí hàn mí kedere ju ìwé lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á, á wọṣọ fún un, á fún un lóúnjẹ. Ojú àwọn kan ti pa rẹ́ nítorí pé ọwọ́ ìyá ti wẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọmọláńgidi oníke láti ọjà dípò èyí tí wọ́n gbẹ́. Marilyn Houlberg, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nílẹ̀ Yorùbá, kọ nípa rẹ̀ ní 1973. Ẹ rò ó wò. Ẹ̀rọ kan náà ló tẹ ọmọláńgidi méjì jáde: ọ̀kan di ohun tí ọmọ ń wọ́ nílẹ̀ kiri, èkejì di Táíwò tí ìyá ń bọ́.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: ohun tí a bá ń bẹ̀ pé kó ṣe wá lóore ni òrìṣà. Ohun tí a ń kẹ́, tí a kò retí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ni ipò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ère ìbejì gba méjèèjì pọ̀, nítorí wọ́n ń bẹ ìbejì pé kó fún àwọn lówó. Kirisitẹni ni mí, mi ò ní kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkẹ́ ló ṣáájú ẹ̀bẹ̀, ọ̀fọ̀ ló sì ṣáájú ìkẹ́, mi ò sì lè dẹ́bi fún ìyá tó wẹ igi nítorí pé kò rí ọmọ wẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ tí ìyá kan gbé wá láti Cococodji. Táíwò rẹ̀ kú, Kẹ́hìndé ṣẹ́kù. Ó mú ìró tó fi ń pọn Táíwò wá, ó ní kí n fi rán tẹ́dì fún Kẹ́hìndé. Wọ́n ti sọ fún un níbi àdúrà pé ère ìbejì ló fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé mú wọlé. Mo bi í pé: “Kí lẹ fẹ́ kó ṣe fún yín?” Ó ní: “Kò sí o. Kí ọmọ mi ṣáà rí nǹkan gbá mọ́ra lálẹ́.” Ó tún bi mí bóyá kí n má fi ojú sí i, kí ẹnu ayé lè kúrò lára òun. Mo ní màá fi ojú sí i, òwú dúdú ni màá fi ṣe é, nítorí ọmọ kékeré lè já bọ́tìnnì gbé mì. Ìró náà ti gbó; màá fi aṣọ ìtẹ́bùsùn tẹ́ inú rẹ̀, màá sì rán an ní ìlọ́po méjì. Mo ní kó gbé Kẹ́hìndé wá ní Sátidé kí n tó gé e, kí n lè wọn apá ọmọ náà, kí tẹ́dì má baà fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká.